Opó Clicquot: Obìnrin Tó Jẹ́ Kí Ṣanpéènì Mọ́ Gaara

Bí ayẹyẹ ìparí ọdún ẹgbẹ́ bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, gbogbo wa la mọ irú ìgò kan tí wọ́n máa ń gbé síwájú àwọn àlejò pàtàkì, èyí tí bébà aláwọ̀ ìyeyè wà lára rẹ̀. Bí kọ́ọ̀kì rẹ̀ bá ti fò, tí ìfófòó ń ṣàn, ariwo á sọ. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló mọ̀ pé orúkọ opó ni wọ́n kọ sára ìgò náà? Veuve lédè Faransé, opó ló túmọ̀ sí. Ìtàn opó náà la fẹ́ sọ. Ẹni tí kì í fẹnu kan ọtí nínú wa, kó má bínú. A kò polówó ọtí, ìgbésí ayé èèyàn la fẹ́ yẹ̀ wò.

Barbe-Nicole Ponsardin lorúkọ rẹ̀. Ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 1777 ni wọ́n bí i ní ìlú Reims, ní agbègbè Champagne nílẹ̀ Faransé. Orúkọ agbègbè yìí ni wọ́n fi ń pe ọtí náà. Oníṣòwò aṣọ híhun ni bàbá rẹ̀, ó rí já jẹ, ó sì padà di olórí ìlú Reims lábẹ́ ìjọba Napoleon. Ọmọ ọdún 11 ni Barbe-Nicole nígbà tí ìdìtẹ̀ ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Faransé ní 1789. Láti kékeré ló ti rí i pé ẹni tó wà lókè lánàá lè di ẹni ilẹ̀ lónìí.

Ní 1798, ó fẹ́ François Clicquot. Ìdílé ọkọ rẹ̀ náà ń ṣòwò aṣọ, wọ́n sì ń ta ọtí wáìnì díẹ̀ mọ́ ọn láti ọdún 1772. François ló fẹ́ràn iṣẹ́ ọtí náà jù. Ó ń rìn káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù láti wá oníbàárà, ìyàwó rẹ̀ sì ń kọ́ nípa ọgbà àjàrà pẹ̀lú rẹ̀. Ní 1799 ni wọ́n bí ọmọ wọn kan ṣoṣo, Clémentine. Ká ní ọ̀dọ̀ wa ni, Ìyá Clémentine ni gbogbo àdúgbò ìbá máa pè é.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1805, ibà kọlu François, ó sì kú. Ìyàwó rẹ̀ kò ju ọmọ ọdún 27 lọ, ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, kí a sọ tiwa díẹ̀. Àwa tí a kọ ìtàn yìí, ẹ̀yìn odi la ti dàgbà, níbi tí ilé àwọn Yorùbá kò ti tó nǹkan, tí gbogbo wọn sì mọ ara wọn. A ti rí i rí tí wọ́n ń ka ẹrù òkú lójú opó rẹ̀, kí oúnjẹ ogójì ọjọ́ tó tán nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìtàn yìí fi wọ̀ wá lára. Ìbéèrè tí wọ́n bi obìnrin Reims yìí kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń bi àwọn ìyá wa: kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ohun tí ọkọ fi sílẹ̀?

Bàbá ọkọ rẹ̀, Philippe Clicquot, kò ní ibi lọ́kàn. Ọ̀fọ̀ ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí ló mu ún lómi. Ó pinnu láti ti ilé-iṣẹ́ ọtí náà pa. Àwọn àgbà kúkú ní bí iwájú kò bá ṣe é lọ, ẹ̀yìn á ṣe é padà sí. Ṣùgbọ́n aya ọmọ rẹ̀ lọ bá a, ó ní òun fẹ́ máa darí iṣẹ́ náà. Kí ẹ mọ̀ pé òfin Napoleon ti ọdún 1804 fi obìnrin tó wà nílé ọkọ sábẹ́ àṣẹ ọkọ rẹ̀ pátápátá. Kò lè dá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn òwò. Ṣùgbọ́n opó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bí ayé ti rí: ikú tó mú ọkọ rẹ̀ lọ náà ló ṣí ilẹ̀kùn òwò fún un. Kò sì fẹ́ ọkọ mìíràn títí ó fi kú.

Philippe gbà, ṣùgbọ́n ó ní kó kọ́kọ́ bá ọ̀gá oníṣòwò kan, Alexandre Fourneaux, ṣe pọ̀ fún ọdún mẹ́rin. Ọdún mẹ́rin náà le. Ogun Napoleon ti dí ọ̀nà òkun, ọtí ń bàjẹ́ lójú ọ̀nà, owó kò wọlé. Nígbà tí àdéhùn parí ní 1810, Fourneaux bá tirẹ̀ lọ. Opó kò bá tirẹ̀ lọ. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ náà: Veuve Clicquot Ponsardin.

Rọ́ṣíà ló ń wò lókèèrè. Àwọn ọlọ́lá ibẹ̀ fẹ́ràn ṣanpéènì tó dùn bí oyin, ṣùgbọ́n ogun ti dá òwò dúró. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1814, àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà fúnra wọn wọ Reims, wọ́n sì ń mu ọtí ìlú náà. Bí Napoleon ti fi oyè sílẹ̀ ní oṣù Kẹrin, opó yìí kò dúró kí ọ̀nà là tán. Ní oṣù Kẹfà, ó háyà ọkọ̀ ojú omi kan, ó sì kó ìgò 10,550 sínú rẹ̀ lọ sí èbúté Königsberg, kí àwọn oníṣòwò ẹgbẹ́ rẹ̀ tó mọ̀ pé ó ti gbéra. Bí ìgò bá fọ́ tàbí kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ọtí náà, gbèsè ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ọtí ọdún 1811 ló wà nínú ọkọ̀ náà, ọdún tí ìràwọ̀ onírù yọ lójú ọ̀run tí àjàrà sì dára púpọ̀. Aṣojú rẹ̀, Louis Bohne, rí i bí àwọn oníbàárà ṣe ń du ọtí náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Láàárín ọdún díẹ̀, orúkọ rẹ̀ ti kún Rọ́ṣíà.

Wàhálà kan wá kù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ṣanpéènì máa ń hó, ìgbà kejì sì wà nínú ìgò fúnra rẹ̀. Ìwúkàrà á jẹ ṣúgà, á mú afẹ́fẹ́ tó ń hó jáde, á sì kú sídìí ìgò. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yìí máa ń mú kí ọtí rú bí ẹmu tí wọn kò sẹ́. Bí wọ́n bá da ọtí náà sínú ìgò mìíràn, ìfófòó á lọ. Ní 1816, opó yìí ní kí wọ́n gbẹ́ ihò sójú tábìlì, kí wọ́n sì dojú ìgò dé sínú ihò náà. Wọ́n á máa yí ìgò kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀, títí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yóò fi sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn. Bí wọ́n bá ṣí kọ́ọ̀kì, ìdọ̀tí á fò jáde, ọtí á sì mọ́ gaara. Antoine Müller, ọ̀gá òṣìṣẹ́ rẹ̀, bá a tún ihò náà ṣe kó lè dagun. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Gbogbo agbègbè Champagne ló kọ́ ọgbọ́n náà lẹ́yìn rẹ̀.

A kò ní sọ pé kò ṣìṣe. Ó da owó sí iṣẹ́ báńkì, ọwọ́ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná. Ní 1828, báńkì kan wó, ìwọ̀nba ló kù kó gbé ilé-iṣẹ́ náà lọ. Ọmọ Jámánì kan tó gbà síṣẹ́, Édouard Werlé, ló fi owó ara rẹ̀ dí i. Opó kò gbàgbé oore náà. Ní 1831, ó sọ ọ́ di alábàáṣe. Nígbà tó fẹ̀yìn tì ní 1841, Werlé ló fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́, kì í ṣe ọmọ rẹ̀ tàbí ọkọ ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1866 ló kú ní Boursault, ní ẹni ọdún 88.

Báwo ni ọtí rẹ̀ ṣe rí lẹ́nu? Ní 2010, àwọn òmùwẹ̀ rí ìgò 168 nínú ọkọ̀ tó rì sí Òkun Báltíìkì ní nǹkan bí 170 ọdún sẹ́yìn, tirẹ̀ sì wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wọn ṣúgà inú wọn, ó tó bíi gíráàmù 140 nínú lítà kan. Ṣanpéènì tí wọ́n ń pè ní brut lónìí kò gbọdọ̀ ní ju gíráàmù 12 lọ; èyí tó bá sì ju 50 lọ, doux ni wọ́n ń pè é, èyí tó dùn jù nínú gbogbo wọn. Nítorí náà, ọtí tó sọ ọ́ di olówó sún mọ́ ọtí àjẹpadé tí wọ́n ń fi oúnjẹ dídùn tẹ̀ lé ju èyí tí à ń mu lónìí lọ. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́ ọ wò dáadáa, kó jẹ́ kó tutù níwọ̀nba, kó rọra dà á, kó gbóòórùn rẹ̀, kó tó mu díẹ̀. Mímì tí à ń mi ìgò níbi àríyá, kí kọ́ọ̀kì lè fò kan àjà, ìnáwó ni, kì í ṣe ìtọ́wò.

Ẹ̀yin ará, nígbà tí a bá tún rí ìgò náà lórí tábìlì, kí a rántí opó ọmọ ọdún 27 tí gbogbo èèyàn rò pé tirẹ̀ ti tán. Bí a bá sì padà sílé tí a rí opó tí àwọn ẹbí fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi í ní ohun tó lè ṣe. Ó lè jẹ́ pé òun ló mọ iṣẹ́ náà jù.