Saint-Exupéry, awakọ̀ bàálù tí kò padà dé

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tó lọ sílé ìwé Faransé ló ti gbọ́ orúkọ ìwé Le Petit Prince. Antoine de Saint-Exupéry ló kọ ọ́, àmọ́ bàálù ló fi ṣiṣẹ́ ṣe, bàálù náà ló sì gbé e lọ.

Ìlú Lyon ni wọ́n bí i sí ní 1900. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin tí bàbá rẹ̀ fi kú. Láti 1926 ló ti ń fi bàálù kó lẹ́tà láti Toulouse wá sí Casablanca àti Dakar. Ní ìparí 1935, bàálù rẹ̀ já sí aṣálẹ̀ Líbíà, òǹgbẹ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun àti mẹkaníìkì rẹ̀ kí àwọn Lárúbáwá tó rí wọn. Ní 1938, ó tún já ní Guatemala, egungun rẹ̀ fọ́ níbi púpọ̀. Ẹ má gbàgbé èyí o.

Nígbà tí ogun Hitila dé, wọ́n ní kó lọ máa kọ́ àwọn ọmọdé níṣẹ́. Kò gbà. Ó bẹ ẹni tó ṣeé bẹ̀ títí wọ́n fi fi í sínú Groupe 2/33 ní ìparí 1939. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ yìí ni kí wọ́n fò lọ sórí ibi tí ọ̀tá wà, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n sì mú un wálé. Ní oṣù karùn-ún 1940, Jámánì ya wọ Faransé. Ohun tó kọ nínú Pilote de guerre ni pé nínú ikọ̀ awakọ̀ 23 tí wọ́n ní, 17 ló ṣòfò láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èyí tó dunni jù ni pé ìròyìn tí wọ́n ń fẹ̀mí wá yìí kò wúlò mọ́: gbogbo nǹkan ti dàrú, àwọn tó ń sá fógun sì kún ojú ọ̀nà.

Faransé ṣubú, ó sì lọ sí New York. Ibẹ̀ ló ti kọ Le Petit Prince, tó jáde ní 1943. Ọdún yẹn náà ló padà sí Áfíríkà ti Àríwá, ó ní àfi kóun bá ẹgbẹ́ òun fò. Ẹni ọdún 43! Bàálù Lightning tí àwọn Amẹ́ríkà kó wá, àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n fẹ́ kó máa wà á. Egungun tó fọ́ lọ́jọ́sí kò jẹ́ kó lè dá aṣọ iṣẹ́ wọ̀, àwọn ẹlòmíì ló ń wọ̀ ọ́ fún un. Kò sí ìbọn nínú bàálù náà, kámẹ́rà ló wà níbẹ̀.

Kò pẹ́ tó fi ba ọ̀kan jẹ́ níbi tó ti fẹ́ balẹ̀. Wọ́n ní kó jókòó. Ó jókòó bí oṣù mẹ́jọ ní Algiers, ìbànújẹ́ sì bò ó. Ó tún ń ti ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan dé òmíràn, títí wọ́n fi gbà pé kó fò lẹ́ẹ̀marùn-ún péré. Ó fò kọjá márùn-ún. Ta ló fẹ́ dá a dúró?

Ní 31 oṣù keje 1944, kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù, ó gbéra ní Borgo ní Corsica, ó dorí kọ ìhà Grenoble àti Annecy. Wọ́n dúró dè é dọ̀sán, títí wọ́n fi mọ̀ pé epo inú bàálù rẹ̀ ti tán.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ ogun gúnlẹ̀ sí Provence, àwọn tirayọ̀ ilẹ̀ wa náà sì wà nínú wọn.

Ní 1998, apẹja kan fa àwọ̀n rẹ̀ jáde lẹ́bàá Marseille, ó bá ẹ̀gbà ọwọ́ kan níbẹ̀, tí orúkọ Saint-Exupéry àti ti Consuelo ìyàwó rẹ̀ wà lára rẹ̀. Wọ́n rí bàálù náà nísàlẹ̀ òkun, ní 2004 nọ́ńbà ara rẹ̀ sì fi hàn pé tirẹ̀ ni. Òkú rẹ̀ ni wọn ò rí.