Kathleen Drew-Baker, Ẹni Tí Wọ́n Ń Pè Ní Ìyá Òkun

Èmi ló kàn láti kọ ìtàn ènìyàn ńlá sínú ìwé ìròyìn ara ògiri wa. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń retí olóṣèlú tàbí agbábọ́ọ̀lù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀. Ẹni tí mo mú wá jẹ́ onímọ̀ nípa ewéko, koríko tó ń hù nínú òkun ló sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ wò. Ní Japan, Ìyá Òkun ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe Yemọja ni mo ń wí o! Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni, kò sì fi ẹsẹ̀ kan Japan rí títí ó fi kú.

Kathleen Mary Drew ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá ọdún 1901 ni wọ́n bí i ní Leigh, ìlú kan ní agbègbè Lancashire. Bí ẹ bá wo máàpù, ẹ ó rí i pé Leigh kò sí létí òkun. Manchester tó ti ṣiṣẹ́ náà kò sí létí òkun. Ó gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ sí Yunifásítì Manchester, ó kọ́ ìmọ̀ ewéko, ó sì jáde ní 1922 pẹ̀lú first class. Ó wà lára àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tó gba irú èsì bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ yẹn níbẹ̀. Ní 1923 ó gba oyè másítà. Wọ́n gbà á síṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì náà, lẹ́yìn náà ó gba Commonwealth Fellowship, ó lọ lo ọdún méjì ní Yunifásítì California ní Berkeley, ó sì dé Hawaii lọ ṣa ewéko jọ. Títí dé ibí yìí, gbogbo nǹkan ń lọ geere.

Ní 1928 ó fẹ́ Henry Wright Baker, tí òun náà jẹ́ olùkọ́ ní Manchester. Kí ló tẹ̀lé e? Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin yunifásítì náà nígbà yẹn ni pé wọn kì í gba obìnrin tó ti lọ́kọ síṣẹ́. Ọkọ ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ, ìyàwó ní láti kó ẹrù kúrò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, mo tún un kà lẹ́ẹ̀kejì, torí mo rò pé mi ò kà á dáadáa ni. Ẹni tó gba first class, tó ti rìnrìn àjò dé Amẹ́ríkà nítorí ìmọ̀, ìgbéyàwó ló sọ ọ́ di aláìníṣẹ́. Wọ́n padà fún un ní ipò olùṣèwádìí, èyí tó jẹ́ kó lè máa wọ láàbù, ṣùgbọ́n kò sí owó oṣù níbẹ̀. Báyìí ló ṣe ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó bí ọmọ méjì, ó ń tọ́ wọn, ó ń lọ sí láàbù, ó ń kọ àwọn àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ní 1939 ó gba oyè DSc.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ọkọ náà díẹ̀, torí kì í ṣe ọkọ lásán. Onímọ̀ ẹ̀rọ ni. Òun ló fi ẹ̀rọ ayùn kékeré gé Ìwé Kíká Onídẹ tí wọ́n rí nínú ihò àpáta lẹ́bàá Òkun Òkú, ní 1955 sí 1956, kí wọ́n lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọkọ yìí náà ló kan agbada omi kan fún ìyàwó rẹ̀ sínú láàbù, tí omi inú rẹ̀ ń kún tó sì ń fà bí omi etí òkun gan-an. Manchester kò ní òkun, àmọ́ obìnrin yìí ní òkun tirẹ̀ nínú ilé.

Kí ló fẹ́ fi ṣe? Ewéko kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Porphyra. Ó fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, orí òkúta etí òkun ló ń hù sí. Àwọn ará Wales ń sè é jẹ. Irú rẹ̀ tó wà ní Japan ni wọ́n ń pè ní nori. Wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sá a bíi bébà, wọ́n á fi di ìrẹsì. Ẹni tó bá ti rí sushi lórí tẹlifíṣọ̀n ti rí nori: ohun dúdú tí wọ́n fi wé e yẹn ni.

Ọ̀rọ̀ owó àti oúnjẹ wá kàn án. Àwọn apẹja Japan ti ń gbin nori fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ibi tí irúgbìn rẹ̀ ti ń wá. Ìgbà òtútù ni nori máa ń dàgbà. Bí ooru bá dé, á kú, á sì pòórá pátápátá. Bí ìgbà òtútù bá tún ń bọ̀, wọ́n á ri ọ̀pá oparun àti àwọ̀n mọ́ inú omi, wọ́n á sì máa retí. Lọ́dún mìíràn, nori á bo àwọ̀n. Lọ́dún mìíràn, àwọ̀n á ṣófo, ilé á sì ṣófo. Ẹ rò ó wò: àgbẹ̀ tó kọ ebè, tí kò ní irúgbìn lọ́wọ́, tó kàn ń wojú ọ̀run pé bóyá àgbàdo á hù. Ewéko tẹ́tẹ́ ni wọ́n máa ń pe nori, bíi ká ní baba ìjẹ̀bú ni. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìjì líle àti ìdọ̀tí tó ń ya wọ etí òkun tún wá ba ohun tó kù jẹ́.

Drew-Baker kò mọ̀ nípa wàhálà yìí nígbà tó ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu kò ju pé: níbo ni Porphyra ń lọ nígbà ooru? Ó mú àwọn hóró tíntìntín tó ń já bọ́ lára ewé náà, ó kó wọn sínú omi òkun pẹ̀lú ìkarahun oyster, ó sì ń ṣọ́ wọn. Hóró náà kò hù di ewé. Ṣe ni wọ́n gbẹ́ inú ìkarahun wọlé, wọ́n di okùn wẹ́wẹ́ aláwọ̀ osùn, tó dà bí àbààwọ́n lójú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn rèé. Àwọn onímọ̀ ti mọ àbààwọ́n yẹn tipẹ́! Láti ọdún 1892 ni wọ́n ti fún un lórúkọ, Conchocelis, wọ́n sì gbà pé ewéko mìíràn ni, tí kò bá Porphyra tan. Àṣé ọ̀kan náà ni wọ́n. Bí kòkòrò tó ń jẹ ewé ṣe ń di labalábá, bẹ́ẹ̀ ni nori ṣe ní ayé méjì: ayé inú ìkarahun àti ayé orí òkúta. Ní 1949 ni ó kọ àbájáde yìí sínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Nature. Àròkọ kúkúrú ni, kò ju ti ẹni tó fẹ́ sọ ohun tó rí kó sì jókòó.

Ìròyìn náà dé ọ̀dọ̀ Sokichi Segawa, onímọ̀ koríko òkun ní Japan. Ó dán an wò pẹ̀lú nori tiwọn, ó sì rí i pé bákan náà ni. Fusao Ota àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kumamoto wá sọ ìmọ̀ yìí di iṣẹ́ ọwọ́: wọ́n ń tọ́jú irúgbìn nínú ìkarahun láàárín agbada omi jálẹ̀ ìgbà ooru, nígbà tó bá sì tó àkókò, wọ́n á jẹ́ kí hóró tó ń jáde lẹ̀ mọ́ àwọ̀n, wọ́n á gbé àwọ̀n lọ sókun. Tẹ́tẹ́ parí. Ó di iṣẹ́ àgbẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ wà lára àṣírí náà, èyí ló sì jẹ́ kí n mú obìnrin yìí wá fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn báyọ́lọ́jì. Àwọn ará Japan rí i pé ìkarahun kì í tú hóró sílẹ̀ bí ọjọ́ bá gùn. Ó fẹ́ kí ojúmọ́ kúrú, kí omi sì tutù díẹ̀, kó lè gbà pé òtútù dé. Nítorí náà wọ́n máa ń fi aṣọ dúdú bo agbada lọ́sàn-án. Wọ́n ń tan ewéko jẹ, ẹ ò rí i?

Lónìí, àwọn tó ń sin ẹja òkun àti iyùn alààyè sínú àpótí gíláàsì kékeré nílé ń ṣe irú ọgbọ́n yìí pẹ̀lú iná LED. Wọ́n á ya igun kan sọ́tọ̀, wọ́n á kó koríko òkun síbẹ̀, pàápàá èyí tó ń jẹ́ Chaetomorpha, tó lọ́ mọ́ra bíi kànìnkànìn aláwọ̀ ewé. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́ kù máa ń di nitrate àti phosphate nínú omi. Koríko yìí á fà wọ́n mu, á dàgbà, wọ́n á gé díẹ̀ dànù, ìdọ̀tí á sì bá a jáde. Iná aláwọ̀ pupa àti búlúù ni wọ́n sábà máa ń lò, torí àwọn àwọ̀ méjì yìí ni chlorophyll ń gbà jù. Àwọn kan ń tan án lóru nígbà tí iná ẹja bá ti kú, kí koríko lè máa fa carbon dioxide, kí omi má baà kan. Ti Porphyra tún yàtọ̀: ó ní èròjà pupa tó ń gba ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé, èyí tí chlorophyll fi sílẹ̀.

Kathleen Drew-Baker kò rí LED kankan lò. 1962 ni èyí tó ń tan pupa tó wúlò dé, ó sì ti kú lọ́dún márùn-ún ṣáájú. Búlúù tó mọ́lẹ̀ dáadáa kò dé títí di àwọn ọdún 1990. Àwọn wo ló ṣe é? Àwọn ọmọ Japan ni: Akasaki, Amano àti Nakamura, tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014. Ó dà bíi pé wọ́n ń san gbèsè padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mo rò bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àwọn.

Ní 1952, òun àti Margaret Martin wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ koríko òkun sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi í ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1957 ni ó kú, ní ọmọ ọdún 55. Ní 1963, àwọn tó ń gbin nori dá owó jọ, wọ́n gbé òkúta ìrántí rẹ̀ kalẹ̀ ní Uto, ní Kumamoto, níbi tí wọ́n ti ń wo òkun Ariake. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin lọ́dọọdún, wọ́n máa ń péjọ síwájú òkúta náà láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.