Nicholas Kove: Ọkùnrin tó sá fún ogun kiri, tí ọkọ̀ ogun oníke sì sọ iṣẹ́ rẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ìlú Ọba lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, okùn tín-ínrín kan máa ń so mọ́ àjà yàrá àwọn ọmọdé. Ní ìdí okùn náà ni ọkọ̀ òfurufú kékeré kan ti ń rọ̀ dirodiro. Ike ni wọ́n fi ṣe é, ọmọ náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó, tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, tó sì fi ọ̀dà kùn ún.

Airfix ni orúkọ tó wà lára àpò tí ọkọ̀ náà ti wá. Àwọn tó mọ orúkọ yìí pọ̀ káàkiri àgbáyé, àmọ́ ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ ìtàn Nicholas Kove tó dá a sílẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Hungary ni, Júù ni, ogun àti ìyípadà ìjọba sì ti lé e kúrò ní ilẹ̀ tó ju ẹyọ kan lọ kó tó fìdí kalẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Láti Siberia dé Ìlú Ọba

Ìgbà tí Hungary àti Austria ṣì wà lábẹ́ ọba kan náà ni wọ́n bí Kove. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀, ó wọṣẹ́ ológun, ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà sì tẹ̀ ẹ́. Wọ́n kó o lọ sí Siberia, ilẹ̀ òtútù tó jìnnà réré sí ilé. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, tó sì forí lé ọ̀nà ilé pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ilé tó padà sí kò rí bó ṣe fi í sílẹ̀ mọ́. Ìjọba ọba ti wó. Ní ọdún 1919, Béla Kun àti àwọn Kọ́múníìsì gba àkóso Hungary, Kove sì bá wọn ṣiṣẹ́. Ìjọba náà kò pé oṣù márùn-ún tó fi ṣubú. Àwọn tó gba ipò lẹ́yìn rẹ̀ ń dọdẹ ẹni tó bá Kun ṣe, wọ́n sì ń fìyà jẹ àwọn Júù. Kove di ẹrù rẹ̀, ó sì kúrò nílùú.

Ó gbé ní Spain, ó sì tún gbé ní Ítálì. Ibẹ̀ ló ti ṣàwárí ọ̀nà kan láti mú kí kọ́là aṣọ le dáadáa. Interfix ló sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1938, ìjọba Mussolini ṣe òfin tó lé àwọn Júù kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ àti lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tó sì dín ẹ̀tọ́ wọn kù nínú òwò. Kove tún di ẹrù rẹ̀, ó gba Ìlú Ọba lọ.

Orúkọ tó gbọ́dọ̀ ṣíwájú

Ní ọdún 1939, ó dá iléeṣẹ́ Airfix sílẹ̀. Ohun ìṣeré onírọ́bà tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe. Kove gbàgbọ́ pé ó dára kí orúkọ iléeṣẹ́ fi lẹ́tà A bẹ̀rẹ̀, kó lè wà lókè nínú ìwé tí àwọn oníṣòwò fi ń wá ara wọn. Àjèjì tí kò lẹ́bí tí kò lójúlùmọ̀ ní ìlú ní láti wá ohun tí yóò mú kí ojú oníbàárà tètè bà lé e.

Ọdún náà gan-an ni Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀, rọ́bà sì di ọ̀wọ́n gógó. Kove yí sí ike. Ní ọdún 1947, ó gbé ẹ̀rọ kan wọlé tó ń yọ́ ike, tó sì ń fi agbára tì í gbígbóná sínú mọ́ọ̀dù irin. Bí ike náà bá ti tutù, wọn yóò ṣí mọ́ọ̀dù náà, ohun tí wọ́n fẹ́ yóò sì jáde odidi. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò tíì wọ́pọ̀ ní Ìlú Ọba lásìkò náà. Òòyà ìyarun ni Kove fi ń ṣe.

Katakata tó wá ní wẹ́wẹ́

Ní ọdún 1949, iléeṣẹ́ Ferguson tó ń ṣe katakata ní kí Airfix bá àwọn ṣe ẹ̀dà kékeré rẹ̀, tí àwọn aṣojú wọn lè máa gbé káàkiri fi polówó ọjà. Airfix ṣe é, àmọ́ ọwọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, owó tó ń wọlé sí i kò sì kéré.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ kí gbogbo ènìyàn lè rà á, wọ́n fi títò náà sílẹ̀ fún ẹni tó bá rà á. Wọ́n ń ta katakata náà ní wẹ́wẹ́ tó nílò àtòpọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe láti dín ìnáwó kù ló wá di adùn ọjà náà.

Lẹ́yìn èyí, ẹni tó ń ra ọjà fún ṣọ́ọ̀bù Woolworths dá a lábàá pé kí wọ́n ṣe Golden Hind, ọkọ̀ ojú omi tí Francis Drake fi yí ayé po láàárín ọdún 1577 sí 1580. Ṣílè méjì ni Woolworths fẹ́ máa tà á. Kí owó náà lè ká a, Airfix pa páálí tì, wọ́n kó wẹ́wẹ́ ọkọ̀ náà sínú àpò ọ̀rá, wọ́n sì tẹ bí wọn yóò ṣe tò ó sára bébà tó dé ẹnu àpò. Ọjà náà tà wàràwàrà.

Ọkọ̀ tí Kove kò gbà pé yóò tà

Ọkọ̀ òfurufú Spitfire ni àwọn tó ń bá Kove ṣiṣẹ́ tún fẹ́ ṣe. Kò sí ẹni tí kò mọ Spitfire ní Ìlú Ọba. Òun wà lára àwọn tó dá ọkọ̀ òfurufú Jámánì dúró ní ọdún 1940. Àwọn ènìyàn Nàìjíríà àti Gold Coast pàápàá dá owó nígbà ogun náà láti ran Ìlú Ọba lọ́wọ́ ra ọkọ̀ ogun.

Síbẹ̀, Kove kò gbà pé yóò tà. Wọ́n ní ó kìlọ̀ fún wọn pé bí ọjà náà bá kùnà, àpò wọn ni owó mọ́ọ̀dù yóò ti jáde. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀, ní ìdá kan nínú ìdá 72 ọkọ̀ gidi. Ìyẹ́ Spitfire gidi gùn tó mítà 11 láti ìpẹ̀kun kan sí èkejì; ti Airfix kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 16 lọ.

Ẹni tó bá rà á yóò fi ọ̀bẹ gé wẹ́wẹ́ rẹ̀ kúrò lára férémù ike. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń yọ́ ojú ike díẹ̀, kí apá méjì lè wọnú ara wọn di ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dà kàn, àti àmì tí wọ́n ń rẹ sínú omi kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìyẹ́. Àwọn ọmọdé rà á, àwọn bàbá wọn tó ti ogun bọ̀ náà sì bá wọn jókòó tò ó. Àsọtẹ́lẹ̀ Kove kò ṣẹ, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ rẹ̀ jèrè.

Ní ọdún 1958, Kove kú. Ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú, ọkọ̀ ojú omi àti ọmọ ogun oníke ni Airfix ṣe lẹ́yìn ikú rẹ̀. Gbèsè gbé iléeṣẹ́ náà ṣubú ní ọdún 1981, ọwọ́ sí ọwọ́ ni orúkọ rẹ̀ sì ń lọ títí iléeṣẹ́ Hornby fi rà á ní ọdún 2006.

Ogun lé Kove láti ilẹ̀ kan dé òmíràn. Ọkọ̀ ogun kan tí kò gbàgbọ́ nínú rẹ̀ ló sì gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wọ ilé àwọn ènìyàn tí kò mọ̀ ọ́n rí. Títí di òní, Airfix ṣì ń ta Spitfire, ẹni tó bá rà á náà ni yóò sì tò ó fúnra rẹ̀.