Käthe Kollwitz: Ìyá tí Ó Fi Àwòrán Kọ Ogun

Ìtàn Käthe Kollwitz la mú wá lóṣù yìí. Kì í ṣe Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà nínú ayé rẹ̀.

Ìlú Königsberg ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1867. Dókítà àwọn tálákà ni Karl, ọkọ rẹ̀, ní Berlin. Iṣẹ́ àwòrán ni tirẹ̀.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, Peter ọmọ wọn fẹ́ lọ jagun. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó, àfi tí bàbá bá fọwọ́ sí i. Bàbá kọ̀. Ìyá ló bá ọmọ bẹ̀bẹ̀ títí bàbá fi gbà. Lóṣù October ọdún náà, wọ́n pa Peter ní ilẹ̀ Belgium. Ọmọ ọdún 18 ni.

Ẹkún kì í jí òkú. Käthe wá fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe ìkìlọ̀ fún ọmọ ẹlòmíràn. Ní 1924, ó ya pósítà kan fún àpéjọ àwọn ọ̀dọ́ ní Leipzig: ọ̀dọ́ kan na apá sókè, ó lanu gbàgà, ó ń búra pé ogun kò gbọdọ̀ wáyé mọ́. Pósítà yìí lókìkí kárí ayé.

Ìjọba Hitler lé e kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn oníṣẹ́ ọnà ní 1933. Ní 1942, ogun tún pa ọmọ-ọmọ rẹ̀, tó ń jẹ́ Peter bákan náà, ní Rọ́ṣíà. Òun náà kú ní April 1945, ó ku díẹ̀ kí ogun parí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnikẹ́ni bá ń tì yín sí ìjà, ẹ bi í pé ọmọ tirẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀yin òbí, ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà. Àmín.