Eleanor Glanville, Ìyá Onílabalábá

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, obìnrin kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́ tí wọ́n pè ní wèrè nítorí pé ó ń mú labalábá. Eleanor Glanville ni orúkọ rẹ̀. Nǹkan bí ọdún 1654 ni a bí i, ó sì jogún ilẹ̀ àti ilé ńlá ní Tickenham, ní agbègbè Somerset.

Ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́, Edmund Ashfield, kú. Ní ọdún 1685 ó fẹ́ Richard Glanville, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà rorò. Ó tilẹ̀ yọ ìbọn sí i rí. Ẹ sì rántí pé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, ohun tí obìnrin bá mú wọ ilé ọkọ, ọwọ́ ọkọ ni ó sábà máa ń bọ́ sí. (Àwọn ìyá wa tí ń dá ṣòwò, tí wọ́n sì ń tọ́jú owó wọn lọ́tọ̀, kò jẹ́ gba irú òfin bẹ́ẹ̀!) Nígbà tí wọ́n pínyà, Eleanor fi ohun ìní rẹ̀ sí ìkáwọ́ àwọn tí ó fọkàn tán, kí ọkọ náà má baà rí i gbà.

Ilé kò rọgbọ mọ́, ó wá kọjú sí kòkòrò. Òun àti àwọn ọmọbìnrin tí ń ṣiṣẹ́ fún un a tẹ́ aṣọ sábẹ́ igi ọgbà, wọn a sì máa fi ọ̀pá lu ewé, títí àwọn ọmọ labalábá tí kò tíì hu ìyẹ́ yóò fi já bọ́ sórí aṣọ. Ó ń kó wọn lọ sílé, ó ń fún wọn ní ewé jẹ títí wọn yóò fi di labalábá. Ẹni tí ń lé labalábá kiri pápá lè máa ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó tọ́ ọ dàgbà láti ìgbà tí ó ti ń fàyà fà, ìwádìí ni ó ń ṣe.

Ó ń kọ̀wé sí James Petiver, apòògùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ń fi kòkòrò ránṣẹ́ sí i. Ọ̀kan nínú wọn, labalábá pupa rúsúrúsú tí ó ní ilà dúdú, tí a rí ní Lincolnshire, jẹ́ tuntun lójú àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Eleanor kú ní ọdún 1709. Nínú ìwé ìhágún rẹ̀, ọ̀pọ̀ ohun ìní rẹ̀ ni ó fi fún ìbátan rẹ̀ kan, Henry Goodricke. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó kan àwọn ọmọ. Forest, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, pe ìwé náà lẹ́jọ́ ní ìlú Wells ní ọdún 1712. Ó ní orí ìyá òun ti dàrú, pé ó gbà pé àwọn ọmọ òun ti di iwin. Àwọn ẹlẹ́rìí sọ bí ó ṣe ń lu igi ọgbà àti bí ó ṣe ń múra bí aláìnílé. Kọ́ọ̀tù wọ́gi lé ìwé náà.

Lójú tèmi, ilẹ̀ ni wọ́n ń jà sí, labalábá kàn bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ni. Obìnrin tí ó mọ bí a ti ń gba ohun ìní ẹni lọ́wọ́ ọkọ oníbọn, ǹjẹ́ orí rẹ̀ kò pé?

Nígbà tí Moses Harris, tí òun náà jẹ́ olùfẹ́ labalábá, tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1766, ó kọ ìtàn ẹjọ́ yìí sínú rẹ̀. Orúkọ Glanville ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe labalábá Lincolnshire náà títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé erékùṣù Wight ni ó pọ̀ sí jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nísinsìnyí. Díẹ̀ nínú àwọn tí Eleanor kó jọ sì wà ní Natural History Museum, ní Lọ́ńdọ̀nù.