Alan Blumlein: ẹni tó jẹ́ kí ohùn mọ ipò rẹ̀

Ìtàn Alan Dower Blumlein la mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Òyìnbó ni, ó sì ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan gbogbo àwa tí a máa ń to sípíkà síbi ìpàdé àti òde ìnáwó.

London ni wọ́n bí i sí lọ́jọ́ 29, oṣù kẹfà, ọdún 1903. Ọmọ àtìpó ni bíi tàwọn ọmọ wa: Jámánì ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí, bàbá ìyá rẹ̀ sì jẹ́ míṣọ́nnárì tó ṣiṣẹ́ ní South Africa. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa iná mànàmáná, ó sì gboyè pẹ̀lú ipò kìn-ín-ní. Ní 1929, ó wọ iléeṣẹ́ Columbia tó ń ṣe àwo orin, èyí tó di ara EMI ní 1931.

Láyé ìgbà yẹn, ojú kan ṣoṣo ni ohùn ti ń jáde ní sinimá. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí Blumlein àti ẹni tó padà di ìyàwó rẹ̀ lọ wo sinimá, ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn ni pé bí òṣèré bá rìn lọ sápá ọ̀tún, ohùn rẹ̀ kì í tẹ̀ lé e. Ó ní òun mọ àtúnṣe rẹ̀.

Ọgbọ́n tó lò kò ṣàjèjì sí wa. Bí onílù bá ń bọ̀ lójú títì, ẹni tó wà nínú yàrá mọ apá ibi tó ti ń bọ̀, torí pé ohùn ìlù máa ń tètè dé etí tó sún mọ́ ọn, ó sì máa ń dún jù níbẹ̀. Blumlein fi máìkì méjì gba ohùn, ó fi sípíkà méjì gbé e jáde, etí sì mọ ibi tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dúró sí. Ẹni ọdún 28 ni nígbà tó gbé ọgbọ́n yìí lọ fún ìjọba ní oṣù kejìlá 1931, kí wọ́n lè fún un níwèé àṣẹ pé òun ló ni ín. Irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀ tó 128. Ní 1934, wọ́n fi ọgbọ́n náà gba orin sílẹ̀ ní Abbey Road, ṣùgbọ́n kò wọ ọjà.

Nígbà tí ogun Hitler dé, ó kọjú sí iṣẹ́ rédà. Lọ́jọ́ 7, oṣù kẹfà, ọdún 1942, bàálù Halifax tí wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ náà wò gbiná, ó sì já lulẹ̀ nítòsí Welsh Bicknor. Ó pa òun àti àwọn mẹ́wàá mìíràn. Ẹni ọdún 38 ni. Ìwádìí fi hàn pé nọ́ọ̀tì kan tí wọn kò dì dáadáa nínú ẹ́ńjìnnì ló fa á. Nítorí ogun, wọ́n pa ọ̀rọ̀ náà mọ́. Nígbà tí àwo orin sítẹ́rió gbòde ní 1958, oníṣẹ́ ti lọ.

Àwọn mìíràn tẹ̀ síwájú. Láti àwọn ọdún 1970, Michael Gerzon ní Britain ṣiṣẹ́ lórí ohùn tó ń yí olùgbọ́ ká, tòkè tilẹ̀. Ní 1992, òun àti Geoffrey Barton ṣàlàyé bí a ṣe lè ṣe é nígbà tí sípíkà kò bá jìnnà síra dọ́gba.

Ibẹ̀ gan-an ló kàn wá, torí ibi tí àyè bá wà la máa ń gbé sípíkà sí. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí sípíkà ẹ̀yìn bá fi mítà 17 jìnnà sí ti iwájú, ó yẹ kí ẹ̀rọ dá ohùn tiẹ̀ dúró fún ìdá ogún ìṣẹ́jú àáyá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ yóò máa gun ara wọn. Ẹni tó sún mọ́ sípíkà kan jù, òun nìkan ni yóò máa gbọ́. Ẹ dín ohùn tiẹ̀ kù.

Nítorí náà, kí a tó pariwo pé kí wọ́n fi kún ohùn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí a ṣe to sípíkà. Àwọn àgbà tó jókòó sẹ́yìn náà san owó ẹgbẹ́. Ẹ̀tọ́ wọn ni kí wọ́n gbọ́ ohun tí ẹgbẹ́ ń pinnu.