Dókítà Frantz Fanon àti Àrùn tí Ó Ń Pa Àwọ̀ Dà

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi láti Nàìjíríà, Tógò àti Benin tí a jọ ń kàwé ní Accra, díẹ̀ nínú wa ni ó mọ̀ pé Dókítà Frantz Fanon gbé ìlú yìí rí. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, pàápàá ti àrùn tí ó pa á, nítorí ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ni èmi ń kọ́.

A bí Fanon ní erékùṣù Martinique ní ọjọ́ 20 oṣù Keje, ọdún 1925. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Lyon, ó sì di oníṣègùn àwọn alárùn ọpọlọ ní Blida, ní Àlgéríà, ní ọdún 1953. Nígbà tí ogun òmìnira bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ó fi iṣẹ́ ìjọba Faransé sílẹ̀, ó sì dara pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀. Ní ọdún 1960 ni wọ́n fi í ṣe aṣojú wọn ní Accra. Láti ibí ni ó ti gba ilẹ̀ Mali lọ wá ọ̀nà tí ohun ìjà yóò fi la aṣálẹ̀ kọjá. Ìrìn náà tán an lókun. Nígbà tí ó padà dé Tunis, wọ́n rí i pé jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni ó ń ṣe é. Dókítà ni òun náà. Ta ni ìbá fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn án?

Wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní Rọ́ṣíà, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n àrùn náà tún padà. Èé ṣe tí jẹjẹrẹ fi ń ṣe bẹ́ẹ̀? Nínú mùdùnmúdùn eegun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ó yẹ kí sẹ́ẹ̀lì tí ó jẹ́ ọmọdé níbẹ̀ dàgbà, kí ó ṣiṣẹ́ rẹ̀, kí ó sì kú. Èyí tí jẹjẹrẹ mú kì í dàgbà bí ó ti yẹ. Bíbí ni yóò máa bí sí i títí yóò fi gba àyè mọ́ àwọn tí ó sàn lọ́wọ́. Àwọn onímọ̀ òde òní sì ti rí i pé irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ lè pa ìwà dà bí agẹmọ. Bí oògùn bá dé, àwọn kan a dákẹ́ bí ẹni tí ó sùn, nítorí àwọn tí ń pín kíákíá ni ọ̀pọ̀ oògùn ń pa. Bí oògùn bá lọ, wọn a jí. Nínú jẹjẹrẹ ọmú, sẹ́ẹ̀lì a máa já ara rẹ̀ gbà kúrò lára àwọn aládùúgbò rẹ̀, a di arìnrìn-àjò inú ẹ̀jẹ̀, a sì tún di onílé nínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ní àwọn oṣù tí ó kù fún Fanon ni ó pe ìwé rẹ̀ tí ó lókìkí jù lọ, Les Damnés de la terre, fún ẹni tí ń bá a kọ ọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Bethesda, ní Amẹ́ríkà. Orúkọ Ibrahim ni ó fi wọlé síbẹ̀; òun náà ń pa àwọ̀ dà. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá, ọdún 1961, ní ẹni ọdún 36. Wọ́n sin ín sí ilẹ̀ Àlgéríà, nígbà tí ogun kò tíì parí.